Ojú Agbọ̀n àti Yàrá Ìwádìí Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú kí àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ yìí tún ṣojú ẹ̀mí wa. Ní irú àkókò báyìí, àṣà wa ni pé kí a ka iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é, kí a sì dá owó jọ fún ohun tuntun kan tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi máa rántí wa. Àṣà rere ni. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú iṣẹ́ tí ó yẹ kí owó náà ṣe. Èrò tiwa ni pé kí ó kọ́kọ́ tún yàrá ìwádìí físíìsì ṣe, kí ó sì ran ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó tó kan ẹnu-ọ̀nà ńlá tàbí gbọ̀ngàn àpèjẹ. A mọ̀ pé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí a gbé e lé ni ó lè ṣàjèjì, nítorí inú agbọ̀n ni ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ físíìsì káàkiri ayé ń lò lónìí: kagome. Èdè Jàpáánì ni. Kago ni agbọ̀n, me sì ni ojú. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ púpọ̀ níbí, nítorí bí wọ́n ti ń pe àlàfo àárín ọparun tí a hun ní ojú ni àwa náà ń pè é. A ní ojú àwọ̀n, a ní ojú ajọ̀, a ní ojú agbọ̀n. Ní ọdún 1951 ni Itiro Syozi, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Osaka, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn átọ́ọ̀mù olóòfà yóò ti máa ṣe bí a bá tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ojú irú agbọ̀n ọparun kan tí wọ́n ń hun nílẹ̀ wọn. Orúkọ agbọ̀n náà ni àtòpọ̀ náà ń jẹ́ títí di òní.

Ọ̀nà mẹ́ta ni pàṣán ọparun gbà dábùú ara wọn nínú agbọ̀n yìí. Bí a bá fi àmì sí gbogbo ibi tí méjì nínú wọn ti pàdé, àmì náà yóò ya onígun mẹ́ta kéékèèké àti ojú ńlá onígun mẹ́fà. Onígun mẹ́ta mẹ́fà ni ó yí ojú ńlá kọ̀ọ̀kan ká. Ẹni tí ó bá wo ojú ńlá kan pẹ̀lú onígun mẹ́ta mẹ́fà rẹ̀ yóò rí ìràwọ̀ Dáfídì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń yà sínú ìwé. Àwọn onígun mẹ́ta náà kì í fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Igun nìkan ni wọ́n fi ń so mọ́ra. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ahungbọ̀n léèrè. Láti ara ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni ó ti ń mú ohun èlò rẹ̀. Bí ó bá hun ún kí ojú rẹ̀ tóbi, a ó fi ru iṣu wálé láti oko. Bí ó bá hun ún kí ojú rẹ̀ kéré, ó di ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́. Bí ó bá hun ún kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ọ̀fun rẹ̀ sì há, ó di ìgèrè tí ẹja ń wọ̀ tí kì í mọ ọ̀nà àbájáde. Ọ̀pẹ kò yàtọ̀; ìhun ni ó yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì wa ń kọ́ nígbà tí olùkọ́ bá sọ fún wọn pé kábọ́ọ̀nù ni ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, kábọ́ọ̀nù náà sì ni òkúta dáyámọ́ńdì. Bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú ọ̀kan ni ó jẹ́ kí ó máa ya lára bébà; bí ó ṣe tò nínú èkejì ni ó jẹ́ kí ó lè gé díńgí. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí kagome mú ọ̀rọ̀ yìí dé òpin rẹ̀: wọ́n ń béèrè ohun tí irin, bàbà àti tánganran lè dà bí a bá hun átọ́ọ̀mù wọn bí agbọ̀n.

Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lójú ẹni tí ń dáná, igun mẹ́ta ni ìdúróṣinṣin. Ṣùgbọ́n nínú ohun olóòfà, igun mẹ́ta lè di ìjà. Nínú irú ohun bẹ́ẹ̀, a lè ka átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sí òòfà kékeré kan tí ó ní orí àti ìdí. Àwọn ohun kan wà tí òòfà kékeré inú wọn kì í fẹ́ kọjú sí ibi tí aládùúgbò rẹ̀ kọjú sí: bí èyí bá wo òkè, tọ̀hún yóò fẹ́ wo ilẹ̀. Bí mẹ́rin bá wà ní igun mẹ́rin, kò sí wàhálà: òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀, gbogbo wọn ni ó tẹ́ lọ́rùn. Bí mẹ́ta bá wà ní igun mẹ́ta ńkọ́? Èkíní wo òkè, èkejì wo ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ní aládùúgbò méjì. Ibikíbi tí ó bá kọjú sí, yóò ṣẹ ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ lè fi ọmọ mẹ́ta dán èyí wò ní àárọ̀ níbi àpéjọ, kí ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe òdì-kejì ohun tí àwọn méjì yòókù ń ṣe. Wọn yóò máa yí títí agogo yóò fi lù.

Ní ọdún 1950, Gregory Wannier fi ìṣirò hàn pé bí a tilẹ̀ mú irú ohun onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ tutù dé ibi tí òtútù pin sí, àwọn òòfà kékeré náà kò ní fẹnu kò. Nínú àtòpọ̀ ojú agbọ̀n, ìjà náà tún le sí i, nítorí igun lásán ni ó so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá tí yóò fi agbára dá wọn dúró. Òkúta aláwọ̀ ewé kan wà tí ń jẹ́ herbertsmithite, tí bàbà inú rẹ̀ tò bí ojú agbọ̀n. Bí ó ti wù kí àwọn onímọ̀ mú un tutù tó, òòfà kékeré inú rẹ̀ kò gbà láti tò ní ìlà kan. Ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò pe èyí ní rúdurùdu. Àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tí kò rọrùn láti dá dúró sí ojú kan ni ó ṣí sílẹ̀ fún ohun tuntun. Ibi tí ìfẹ́ gbogbo wọn kò ti lè ṣẹ ni ìwà tí a kò rí rí ti ń yọ jáde.

Kí a wá sọ ti ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, ohun wínníwínní tí ó ń gbé iná mànàmáná kọjá nínú wáyà. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù a máa rìn bí ìgbì omi. Ìgbì méjì lè pàdé kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì lè pàdé kí wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù bá wà ní igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ojú ńlá kan, tí ó ń ga ní igun kan tí ó ń rẹlẹ̀ ní igun kejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yíká, kò ní lè jáde. Igun ìta kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́ sá gbà ní aládùúgbò méjì lára ojú náà. Ọ̀kan ń tì í síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, agbára wọn sì dọ́gba, bí ìgbà tí ènìyàn méjì dúró sí ẹ̀yìn àti iwájú ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń tì í. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù náà yóò wà lójú kan bí ẹja inú ìgèrè, láìsí ògiri kankan tí ó dá a dúró. Ìhun nìkan ni ó dè é. Nígbà tí wọn kò sì lè sáré, ohun tí ọ̀kan ń ṣe a máa kan èkejì gidigidi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹyọ kan kò lè dá ṣe.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀ka ìṣirò tí ń jẹ́ tọpọ́lọ́jì. Ẹ mú òkèlè iyán kan lọ́wọ́. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ lè nà án kí ó gùn, ẹ lè yí i roboto. Kò ní ihò kankan síbẹ̀. Ẹ kò lè sọ ọ́ di òṣùká láìjẹ́ pé ẹ lu ihò sí i, tàbí kí ẹ fa orí rẹ̀ méjèèjì kí ẹ sì so wọ́n pọ̀. Tọpọ́lọ́jì kò bìkítà nípa bí nǹkan ti gùn tó tàbí bí ó ti wọ́ tó. Iye ihò ni ó ń kà. Òdo, ọ̀kan, méjì: kò sí ààbọ̀ ihò. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé nínú àwọn ohun kan, ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù náà ní irú iye bẹ́ẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Ìdọ̀tí díẹ̀ tàbí àbùkù díẹ̀ kò lè yí i padà, bí ìka ọwọ́ tí ó tẹ òkèlè kò ti lè sọ ọ́ di òṣùká.

Ní ọdún 1980 ni Klaus von Klitzing, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí ẹ̀rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó fi ohun pẹlẹbẹ kan sínú òtútù líle àti agbára òòfà ńlá, ó sì rí i pé ìdènà iná tí ó ń wọ̀n kò pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti rò. Ó ń gun àtẹ̀gùn, odidi lórí odidi, láìsí àṣìmú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985. Láti ọdún 1990 ni àwọn ilé ìwọ̀n ní àgbáyé ti ń fi àtẹ̀gùn yìí ṣe òṣùwọ̀n ìdènà iná. David Thouless àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ibi tí odidi iye náà ti wá ní ọdún 1982. Ní ọdún 1988, Duncan Haldane fi hàn lórí àtòpọ̀ afárá oyin pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé a gbé òòfà ńlá kankan sí òde. Àwọn méjèèjì àti Michael Kosterlitz ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 2016. Nínú irú ohun wọ̀nyí, iná kì í gba àárín kọjá. Etí ni ó ń gbà, bí ó bá sì pàdé ìdènà kékeré, kì í padà sẹ́yìn. Àwa ará Ìkẹ́rẹ́ tí a mọ Olósùnta mọ ohun tí èyí jọ: òkè a máa mú kí ọ̀nà yà, kì í mú kí ọ̀nà parí.

Ojú agbọ̀n ni ibi tí àwọn ọ̀nà méjèèjì yìí ti pàdé, èyíinì ni ìjà onígun mẹ́ta àti odidi iye tí kì í yẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tokyo sọ ohun tí wọ́n rí nínú ohun kan tí a fi manganese àti tánganran ṣe, tí manganese inú rẹ̀ tò bí ojú agbọ̀n: iná a máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀ bí ẹni pé òòfà ńlá wà nítòsí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní agbára òòfà rárá, tí yàrá tí ó wà kò sì tutù. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí irú ìwà àjèjì bẹ́ẹ̀ nínú irin àti tánganran tí a pò pọ̀ ní ìwọ̀n mẹ́ta sí méjì. Ní ọdún 2020, a gbọ́ nípa èyí tí a fi caesium, vanadium àti antimony ṣe, tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà kankan nígbà tí ó bá tutù dé bí òdo lọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n 270 ti Celsius. Tánganran kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà; ìlú Jọ́ọ̀sì di olókìkí nítorí rẹ̀. Irin sì nìyí, kò sí ilé tí kò sí. Ohun tí ó wà nínú àwọn ohun ìyanu wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wa. Ìhun rẹ̀ ni ó kù.

Òbí kan lè béèrè pé kí ni èyí yóò fún ọmọ òun jẹ. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, a kò sì ní fi irọ́ dáhùn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a kà sílẹ̀ yìí tí a lè rà ní ọjà wa lónìí. Àwọn tí ń ṣe é ń retí kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára iná díẹ̀, àti ẹ̀rọ ìwọ̀n tí kì í ṣìnà. Ìrètí ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, Kristẹni tí kò fi ìjọsìn ṣeré. Ní ọdún 1831 ni ó rí i pé bí a bá mú òòfà rìn nínú wáyà tí a ká, iná yóò jáde. Ọdún 1882 ni ilé iṣẹ́ Edison tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná fún àwọn ilé ní New York. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ láàrin ìgbà tí a mọ ọ́n àti ìgbà tí ó di òwò. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ fún àwa yòókù. Jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé wa, òfin Faraday ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. A ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́, a kò sì pín nínú èrè rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ àwọn Òyìnbó àti ará Jàpáánì ni, kò kan ọmọ Èkìtì. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ronú dáadáa nípa ọdún 1951. Ọdún mẹ́fà péré ni ìgbà náà sí ìparí ogun tí bọ́ǹbù ti ba Osaka jẹ́. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí Syozi ní ni ìṣirò, pẹ́ńsùlù, àti agbọ̀n àwọn baba rẹ̀ tí kò tì í lójú láti fi sọ ìmọ̀ ní orúkọ. Àwa pẹ̀lú ní ogún tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó sì sin Arínjalè, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; kò padà wálé mọ́, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà. Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ dáadáa yóò rí i pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó gbẹ́. Ó fi ọnà onígun kún ẹ̀yìn wọn, ó ń tún un ṣe léraléra, ó ń yí i padà níbi tí ó yẹ. Ẹni tí ó lè mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dání lọ́kàn láìsí rúlà, orí tí ó gbé ìṣirò wà lọ́rùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ òótọ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà kò sí nínú iṣẹ́ kagome. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan sílẹ̀ ní Muizenberg, lẹ́bàá Cape Town, tí a mọ̀ sí AIMS, tí ó ń gba àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Solomon Akaraka Owerre, tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ní Perimeter Institute ní Kánádà, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2017 lórí bí ooru ṣe ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ohun olóòfà tí ó tò bí ojú agbọ̀n, níbi tí ìjà onígun mẹ́ta náà wà. Iṣẹ́ ìṣirò ni. Kò gba ilé ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ó gba orí tí a ti tọ́ láti kékeré. Níbi títọ́ náà ni iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè wa, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùrè, ọmọ lè ka físíìsì fún ọdún mẹ́ta láìfọwọ́ kan òòfà títí ìdánwò WAEC yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Apá kẹta ìdánwò náà ni ti àfọwọ́ṣe. Nítorí náà, ohun èlò a máa dé lọ́sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, a ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ti ya àtẹ àti gíráàfù, a ó sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà. Ọmọ náà lè yege, kí ó má sì tíì ya òun lẹ́nu rí. Níbi tí a kò bá ti kọ́ ọmọ pẹ̀lú ọwọ́, ìdẹwò ibùdó tí a ti ń fi owó ra èsì yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ Kristi kò lè fi ìwàásù nìkan lé ìdẹwò yẹn lọ. Ohun tí ó ń lé e ni kí ọmọ mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ó má baà ní ìdí láti ra ohun tí ó ti ní.

Àwọn òbí mìíràn ní dókítà ni àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn dà, kì í ṣe onífísíìsì. Kí wọ́n rántí pé físíìsì wà nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ń wádìí ìdí ohun gbogbo, ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò yẹ̀. Ìwé Ẹ́kísódù sọ fún wa nípa Bésálẹ́lì, oníṣẹ́ ọnà tí ó ṣe àgọ́ àjọ. Òun ni a sọ fún wa pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún fún iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi gbígbẹ́. Ọgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá rí i pé odidi iye kan fara pamọ́ sínú irin àti tánganran láti ìpìlẹ̀ ayé yóò ní ohun púpọ̀ láti fi yin Ẹlẹ́dàá.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń dábàá fún ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, a sì mú kí ó jẹ́ ohun tí agbára wa ká. Èkíní, kí a fi owó àjọ̀dún yìí ra òòfà, kọ́ńpáàsì, wáyà, mítà àti díńgí tí yóò tó kíláàsì kan lò, kí yàrá náà sì máa ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kọ́ńpáàsì méjìlá tó láti to ìràwọ̀ Dáfídì kan lórí tábìlì, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa wo bí abẹ́rẹ́ wọn ṣe ń ti ara wọn, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa fi owó kún owó olùkọ́ físíìsì àti ti ìṣirò lóṣooṣù, nítorí yàrá tí kò ní olùkọ́, ilé ìkẹ́rù ni. Yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. A lè bá wọn ṣe àdéhùn kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wá ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀kẹta, kí a pe ahungbọ̀n àti agbẹ́gilére wá sí kíláàsì ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn bí a ti ń san án fún àlejò mìíràn tí ó wá kọ́ni. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí ìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́, tí a ń hun agbọ̀n àti ẹní, tí a ń mú ìgbálẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Kì í ṣe pé kí a dá ìgbà náà padà ni a ń wí. Kí ọmọ tí ń ka onígun mẹ́fà nínú ìwé lè hun ún, kí ọmọ tí ń hun ún nílé sì mọ̀ pé ìmọ̀ ni ó wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀bùn kan wà lọ́dọọdún fún ọmọ tí ó bá béèrè ìbéèrè tí ó dára jù nínú yàrá ìwádìí, tí ó sì wá ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà ó ṣe ipò kìíní ní kíláàsì tàbí kò ṣe é.

Ẹnu-ọ̀nà ńlá dára, a kò bá ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ jà. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gba ẹnu-ọ̀nà jáde pẹ̀lú ohun tí a kò fi sí i lórí nínú ilé. Owó kan náà ni, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ni ó sì ti wá. Bí a bá ti hun ún ni yóò pinnu ohun tí yóò lè gbé. Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn òbí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí àjọ̀dún tó parí. A bẹ̀ yín kí ẹ wá, kí ẹ sì dìbò fún yàrá ìwádìí náà. Kí Ọlọ́run tí ó dá ọgbọ́n sínú ọwọ́ Bésálẹ́lì fi í sínú ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.